Àṣẹ Ta Ni? Ọ̀rọ̀ Lórí Àtúnṣe Kọ̀ǹpútà Tí Ó Kọ̀ Tí Kò Wọlé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Hwolshe, ìlú Jos

Àwọn Yorùbá tó ṣáájú wa gun òkè Jos yìí, tí àwọn mìíràn nínú wọn ti dé kí reluwé ńlá tó gba Kafanchan wọ Jos ní 1927, òṣùwọ̀n, ọ̀pá ìwọnṣọ àti ìwé gbèsè ni irinṣẹ́ ọwọ́ wọn. Irinṣẹ́ tiwa ni kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Jos tí ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì tí ń ṣírò owó ìkórè, aránṣọ tí ń fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ ní Abuja, ẹni tó la ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé sí ẹ̀bá títì, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ọjọ́ rẹ̀ kò ní dàrú bí ẹ̀rọ náà bá dákú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun tí mo gbé wá kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ gba àtúnṣe tuntun, èyí tí tọmọdé tàgbà wa ń pè ní update, tí ó sì dúró láàárín ọ̀nà, tí ó kọ “Permission denied” tàbí “Access is denied” sójú ara rẹ̀, èyíinì ni pé a kò fún ẹni tí ń pàṣẹ ní ààyè láti ṣe ohun tí ó fẹ́ ṣe, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa bínú sí ẹ̀rọ náà bí ẹni pé ó ń ṣe àfojúdi, wọn a sì wá ẹni tí yóò bá wọn fipá ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn tó bá tì. Èmi ń wí fún yín pé ìdènà yẹn kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí a rán an ni ó ń jẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ kí àtúnṣe wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìbéèrè tí ẹ̀rọ ń bi í, kí ó dá ìbéèrè náà lóhùn, kí ó má ṣe kọjá ibi tí ìbéèrè mọ.

Ẹlòmíràn lè wí pé bí àtúnṣe kò bá wọlé, kí ó má wọlé, ṣé ẹ̀rọ kò ṣì ń ṣiṣẹ́? Mo mọ̀ pé dátà wọ́n, mo sì mọ̀ pé nítorí owó dátà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe pa ọ̀nà àtúnṣe dé láti ọjọ́ tí a ti ra ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2017. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún náà ni Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde tí wọ́n pè ní MS17-010, láti fi dí ihò kan nínú Windows. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, tí kò tíì pé oṣù méjì gééré, fáírọ́ọ̀sì tí a ń pè ní WannaCry bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú ihò kan náà wọ kọ̀ǹpútà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó sì ti dé orílẹ̀-èdè tó tó 150, ó ti fáìlì onífáìlì pa, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ láàárín àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ìjọba, ó tó 80 nínú 236 àjọ tí ń ṣàkóso ilé ìwòsàn tí ọ̀ràn náà kàn. Wọ́n ní kí aláìsàn máa lọ sí ibòmíràn, wọ́n sì sún iṣẹ́ abẹ ẹni tó ti gbààwẹ̀ dè é síwájú. Àtúnṣe ti wà nílẹ̀ o. Kò dé orí àwọn ẹ̀rọ náà ni. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀, ẹ̀rọ tí àtúnṣe rẹ̀ sì kùnà léraléra láìsí ẹni tó yẹ ìdí rẹ̀ wò, ẹnu rẹ̀ ti là sílẹ̀ nìyẹn.

Kí ló wá dé tí ẹ̀rọ fi ń béèrè àṣẹ rárá? Ìtàn rẹ̀ jìn, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì tóbi tó odindi yàrá, tí ilé-ẹ̀kọ́ ńlá ń pín ẹyọ kan lò, Fernando Corbató àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní CTSS, tí wọ́n kọ́kọ́ fi han ènìyàn ní 1961, tí ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa bá ẹ̀rọ kan ṣoṣo ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní nǹkan bí 1966, àwọn alábòójútó méjì jókòó sídìí iṣẹ́ ní wákàtí kan náà, tí ọ̀kan ń tún ìkíni tí ẹ̀rọ fi ń kí oníṣẹ́ káàbọ̀ kọ, tí èkejì sì ń tún ìwé tí ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo ènìyàn wà nínú rẹ̀ ṣe. Ètò ìkọ̀wé tí àwọn méjèèjì ń lò a máa tọ́jú iṣẹ́ tí kò tíì parí sínú fáìlì ìgbà díẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ kì í yí padà, nítorí ẹni tó ṣe é kò rò ó rí pé ẹni méjì lè wà nídìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tọ̀hún wọ inú iṣẹ́ tìhín, tí ó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá wọlé sórí ẹ̀rọ lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ pátá ni ẹ̀rọ fi kí i káàbọ̀. Corbató fúnra rẹ̀ sọ ìtàn yìí nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ fún ẹ̀bùn Turing tí a fi dá a lọ́lá ní 1990. Ẹ fi ìtàn náà sọ́kàn, nítorí pé ohun méjì tó ń dá àtúnṣe wa dúró lónìí, èyíinì àgádágodo tí kì í jẹ́ kí ẹni méjì ṣiṣẹ́ kan pọ̀, àti òfin tó de fáìlì ìgbà díẹ̀, irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n wà láti dènà.

Ní 1969, Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí a ń pè ní Unix ní Bell Labs, òun sì ni baba ńlá Linux tó wà nínú Ubuntu tí àwọn ọmọ wa ń lò àti lórí ọ̀pọ̀ jùlọ fóònù ọwọ́ wa. Bí ètò náà ti ń dàgbà ni ètò àṣẹ inú rẹ̀ ń dà bí ti agbo ilé. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní baálé tó ni ín, ó ní ará ilé tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ó sì ní àlejò, tí í ṣe gbogbo ẹni tó kù. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìsọ̀rí mẹ́ta yìí ni a lè fi àyè kíkà sílẹ̀, tí ó jẹ́ 4, àyè kíkọ nǹkan sí i, tí ó jẹ́ 2, àti àyè mímú un ṣiṣẹ́, tí ó jẹ́ 1, tí a ó sì ro wọ́n pọ̀. Fáìlì tí a bá kọ 644 sí, baálé lè kà á, ó sì lè yí i padà, ṣùgbọ́n ará ilé àti àlejò kò lè ju kíkà lọ. Èyí tó jẹ́ 755, gbogbo ènìyàn lè kà á kí wọ́n sì mú un ṣiṣẹ́, baálé nìkan ni ó lè yí i padà. Èyí tó bá jẹ́ 777, àlejò tó dé lánàá lè wó ògiri ibẹ̀ kí ó tún un mọ bó ṣe wù ú. Lórí gbogbo baálé ni ẹnì kan wà tí a ń pè ní root, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0, tí ìlẹ̀kùn kì í tì mọ́. Àwọn ohun tí àtúnṣe ń tún ṣe, ti root ni gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí ọmọ ilé lásán kò fi lè pàṣẹ àtúnṣe láìjẹ́ pé root yá a ní àṣẹ.

Ọgbọ́n tí a fi ń yá àṣẹ yìí, ọgbọ́n ńlá ni. Ritchie ló ronú rẹ̀ pé a lè sàmì sí ètò kan tó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá pè é, àṣẹ ẹni tó ni ín ni yóò fi ṣiṣẹ́, kì í ṣe àṣẹ ẹni tó pè é. Wọ́n kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1973, wọ́n sì rí i gbà ní 1979. Lórí àmì yìí ni sudo dúró lé, ètò kékeré tí Bob Coggeshall àti Cliff Spencer ṣe ní nǹkan bí 1980 ní yunifásítì kan ní Buffalo, tí ń bi ọmọ ilé ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, tí ó ń wo ìwé bóyá orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, tí ó sì ń yá a ní àṣẹ root fún iṣẹ́ ẹyọ kan péré.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní àdúgbò yìí fi Ubuntu sórí ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tí fáírọ́ọ̀sì inú flash àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sú u. Ó tẹ apt upgrade, ọ̀rọ̀ tí a fi ń pàṣẹ àtúnṣe lórí Ubuntu, ẹ̀rọ sì dá a lóhùn pé “Could not open lock file /var/lib/dpkg/lock-frontend - open (13: Permission denied)”. Ní ìlà tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀rọ ti béèrè pé “are you root?”. Ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè ni ẹ̀rọ bi í: ṣé ìwọ ni root? Ìbéèrè yìí kò le. Bí ó bá tún ọ̀rọ̀ náà tẹ̀, tí ó fi sudo ṣáájú rẹ̀, tí ó sì tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, (tí ojú ẹ̀rọ kì í fi lẹ́tà kankan hàn nígbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́, èyí tó ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bọ́tìnnì wọn ti kú,) ọ̀rọ̀ ìbá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n alábàágbé kan tó gbọ́ díẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà sọ fún un pé kí ó tẹ sudo chmod -R 777 /, pé kò sí ohun tí yóò tún dí i lọ́nà mọ́ láéláé. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó: sudo tí ìbá tán ìṣòro àkọ́kọ́ náà ni ó fi ba gbogbo ilé jẹ́.

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àṣẹ yẹn kó gbogbo fáìlì orí ẹ̀rọ, láti orí títí dé ìrù, ó kọ 777 sí wọn lára, nígbà tí ó sì dé orí sudo fúnra rẹ̀, ó nu àmì Ritchie tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kúrò. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti pe sudo, ohun tí yóò gbọ́ ni pé sudo “must be owned by uid 0 and have the setuid bit set”, tí ó túmọ̀ sí pé sudo kò ní àṣẹ tí yóò yá ẹnikẹ́ni mọ́. Àtúnṣe wá di ohun tí kò ṣeé ṣe pátápátá, àwọn ètò mìíràn tí kì í gbà kí gbogbo ayé máa wo ìwé àṣírí wọn, bí ssh tí a fi ń wọ ẹ̀rọ mìíràn láti òkèèrè, sì kọ̀ láti lo kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀.

Ìwòsàn rẹ̀ gba sùúrù. A pa ẹ̀rọ náà, a tún un tàn, a gba ọ̀nà tí a ń pè ní recovery mode wọlé, níbi tí root ti ń jókòó láìbéèrè sudo. A tẹ mount -o remount,rw / kí a lè kọ nǹkan, a tẹ chmod 4755 /usr/bin/sudo láti dá àmì náà padà, a sì tẹ chmod 440 /etc/sudoers láti dáàbò bo ìwé orúkọ. Sudo jí. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a tan ara wa jẹ, nítorí pé àìmọye fáìlì mìíràn ṣì wà ní 777, lórí Ubuntu kò sì sí àṣẹ kan tó lè rántí iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ tẹ́lẹ̀. (Àwọn tí ń lo Fedora, tí òun náà jẹ́ irú Linux kan, ní rpm --setperms, èyí tó ń ka iye náà láti inú ìwé tirẹ̀, ó yẹ kí a yìn wọ́n fún un.) Nítorí náà, ohun tó tọ́ ni a ṣe: a fi flash tan ẹ̀rọ, a kó iṣẹ́ àwọn oníbàárà jáde, a sì fi Ubuntu tuntun sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí, nítorí mo mọ iye dátà tó bá a lọ.

Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bákan náà ni àtúnṣe tó kọ̀ ṣe máa ń rí, tí ó fi jẹ́ pé nọ́ńbà inú àkámọ́ tí ẹ̀rọ kọ ni a gbọ́dọ̀ kà kí a tó gbé ọwọ́. Bí ó bá jẹ́ 13, àṣẹ ni kò sí. Bí ó bá jẹ́ 11, tí ó kọ “Resource temporarily unavailable”, àṣẹ wà, ẹlòmíràn ló ń lo àgádágodo, lọ́pọ̀ ìgbà ó sì jẹ́ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tó ń ṣe àtúnṣe lábẹ́lẹ̀. Kí ẹ mú sùúrù kí ó parí, kí ẹ má sì gbọ́ ti ẹni tó bá ní kí ẹ pa fáìlì àgádágodo náà rẹ́, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará MIT lè ṣẹlẹ̀ sí yín. Bí ó bá sì jẹ́ “Read-only file system”, ọ̀rọ̀ ti kọjá àṣẹ, àní àṣẹ root pàápàá. Èyí kì í ṣe àlejò fún àwa tí a mọ bí iná ṣe ń lọ lójijì níhìn-ín: nígbà tí Ubuntu bá rí i pé ìwé orí díìsìkì ti dàrú, ó máa ń ti ọ̀nà ìkọ̀wé pa kí ìbàjẹ́ má baà pọ̀ sí i. Ẹ kó ohun tó ṣe pàtàkì jáde lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fi flash tan ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi fsck yẹ díìsìkì náà wò. Bí ó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn èyí, díìsìkì ń kú lọ ni. Bí iná bá sì lọ nígbà tí àtúnṣe wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹ̀rọ wí pé a dá dpkg, ètò tí ń fi àtúnṣe sórí Ubuntu, dúró, sudo dpkg --configure -a ni yóò parí iṣẹ́ tó ṣẹ́kù.

Ọ̀kan wà tó máa ń dàrú mọ́ àwọn tó mọṣẹ́ lójú. Ẹni náà lo sudo, root sì ni lóòótọ́, síbẹ̀ apt update ní òun kò lè dá fáìlì sínú /tmp. Báwo ni root ṣe lè wà níbẹ̀ kí àṣẹ má tó? Ìdí rẹ̀ ni pé apt, nítorí ọgbọ́n ààbò, kì í fi àṣẹ root lọ gbé ẹrù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó máa ń bọ́ agbádá root sílẹ̀, kí ó sì gba orúkọ ọmọ ilé kan tí kò lágbára, tí ń jẹ́ _apt. Ẹ tẹ ls -ld /tmp kí ẹ wo ohun tó kọ. Bí kò bá parí sí t, tí kò rí bíi drwxrwxrwt, ẹnì kan ti yí i padà. Iye tó yẹ kí ó jẹ́ ni 1777: ẹnikẹ́ni lè gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n 1 tó wà níwájú kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ẹrù ẹlòmíràn dànù. Ẹ tẹ sudo chmod 1777 /tmp, ó parí.

Àwa tí a ń lo Windows pọ̀ jù nínú gbọ̀ngàn yìí, tiwa náà kò sì yàtọ̀ nípilẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ ó máa rí ni 0x80070005, tí 5 tó wà nídìí rẹ̀ dúró fún “Access is denied”. Láti ìgbà tí Windows Vista ti dé ọjà ní 2007 ni àwọn fáìlì pàtàkì inú Windows kò ti sí lábẹ́ administrator mọ́, bí kò ṣe lábẹ́ ẹnì kan tí a ń pè ní TrustedInstaller, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àtúnṣe. Nígbà náà, ẹni tó bá gba àwọn fáìlì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó fi wọ́n sí orúkọ ara rẹ̀ nítorí àtilè pa ohun kan rẹ́, ó ti ṣe 777 tirẹ̀ nìyẹn, àtúnṣe tó ń bọ̀ yóò sì kọsẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé orúkọ tó jẹ́ administrator ni ẹ fi wọlé. Bí ètò apa-fáírọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ mìíràn bá wà níbẹ̀, ẹ dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ojúlé àṣẹ pẹ̀lú “Run as administrator”, ẹ tẹ net stop wuauserv àti net stop bits, ẹ yí orúkọ fódà SoftwareDistribution tó wà nínú C:\Windows padà sí SoftwareDistribution.old, kí ẹ sì tún àwọn méjèèjì gbé dìde pẹ̀lú net start. Windows yóò dá fódà tuntun, pẹ̀lú àṣẹ tó yẹ ẹ́, láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan àṣẹ kankan. Bí ó bá ṣì kọ̀, DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth ni kí ẹ tẹ̀, kí sfc /scannow tẹ̀ lé e. Kí ẹ sì fi dátà sílẹ̀ fún àkọ́kọ́, nítorí orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń wá ẹ̀dà fáìlì tó dára. Ohun tó ṣẹlẹ̀ wà ní kíkọ nínú CBS.log. Windows jíjí tí wọ́n ń fi owó pọ́ọ́kú tà fún wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹni tó ṣe é ti dí ọ̀nà àtúnṣe rẹ̀ láti ìpilẹ̀ kí àyẹ̀wò má baà mú un, kò sì sí àtúntò àṣẹ tó lè wo irú rẹ̀ sàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Windows 10, tí àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, àyàfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún.

Ẹ̀ṣọ́ bíi sudo pàápàá a máa nílò àtúnṣe, nítorí ní oṣù kìn-ín-ní 2021, ilé-iṣẹ́ Qualys kéde pé ihò kan ti wà nínú sudo láti 2011, tí ọmọ ilé tí kò ní àṣẹ kankan lè gbà di root. Àtúnṣe rẹ̀ jáde ní ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀ gan-an. Ẹni tí àṣẹ ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́ kò lè rí àtúnṣe yẹn gbà, ihò náà sì ṣí sílẹ̀ dè é.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù, ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì ní Hwolshe láti ṣe kí oṣù yìí tó tán nìyí. Ẹ ṣe orúkọ méjì sórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan tó jẹ́ administrator, tí kò ní ju ẹni méjì lọ tí yóò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, àti èkejì tí kò ní àṣẹ àtúnṣe, tí gbogbo òṣìṣẹ́ yóò máa fi ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Jerome Saltzer àti Michael Schroeder ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1975 pé kí ètò kọ̀ọ̀kan àti ẹni tí ń lò ó má ṣe ní ju ìwọ̀n àṣẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ béèrè lọ. Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún àtúnṣe, nígbà tí bátìrì bá kún tàbí tí jẹnẹrétọ̀ bá wà ní títàn, kí ẹ má sì kúrò nídìí rẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi tún ara rẹ̀ tàn. Ẹni tí nọ́ńbà kan bá tún dá dúró, kí ó kọ gbogbo ìlà tó rí sínú ìwé láìyọ ọ̀kan sílẹ̀, kí ó sì mú un tọ̀ mí wá kí ó tó tẹ ohunkóhun.